Igi Tín-ín-rín Lábẹ́ Àpáta Ọ̀pọ̀lọ́

Ogún ọdún ni Pang Deshui ti ń gbá ọ̀nà òkè kan, láti ìsàlẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà tẹ́ńpìlì tó wà lórí rẹ̀, kò sì sí ọjọ́ tí kò bá àwọn àlejò jà nídìí Àpáta Ọ̀pọ̀lọ́. Gbogbo ẹni tó bá gòkè ló ń ki ẹ̀ka igi tín-ín-rín bọ abẹ́ àpáta náà, wọ́n gbà pé bí igi bá ti gbé òkúta ró, ẹ̀yìn kò ní í dun àwọn. Deshui á kó gbogbo rẹ̀, á fi dáná tíì.

"Àpáta tó ga ju ilé lọ," á ní, "ẹ ní igi ìtayín ló gbé e ró!"

"Bàbá Yulan, ẹ̀yìn àwọn èèyàn lẹ fi ń se tíì yẹn o," ni Caixia ìyàwó rẹ̀, tó ń ta tófù, wàrà ẹ̀wà sóyà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, máa ń kìlọ̀.

"Tèmi ńkọ́? Ṣé ó ń dùn mí ni?"

Yulan, ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo, fẹ́ fẹ́ ọmọkùnrin Ọ̀gbẹ́ni Sheng, ọ̀gá ilé-ìwé kan nílùú ńlá. Sheng ti sọ pé òun kò mọ̀ bóyá wọ́n máa ń kọ́ ọmọ agbálẹ̀ ní ìwà. Ọ̀rọ̀ náà dé etí Deshui, inú sì bí i. Nígbà tí Sheng wá ń bọ̀ wá kí wọn, Yulan bẹ baba rẹ̀ títí.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹríba fún wọn díẹ̀. Díẹ̀ péré! Bí wọ́n bá bínú lọ, ó parí nìyẹn."

"Èmi? Màá nàró bí ọ̀pá ìgbálẹ̀ mi ni."

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Deshui bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó lè kó igi tó kù lábẹ́ àpáta. Ẹ̀yìn rẹ̀ dún kọ́! Ó fẹ́ nàró, kò lè nà. Bó ṣe wà nìyẹn, orí nísàlẹ̀, ìdí lókè, tí Sheng fi yọ lórí àtẹ̀gùn.

"Háà! Àna mi! Èmi lẹ̀ ń tẹríba fún báyìí?" Ọkàn Sheng rọ̀, òun náà tẹríba. Ó gbójú sókè, orí Deshui ṣì wà nísàlẹ̀. Ojú tì í, ó tún tẹ̀ sí i. "Ẹ dìde, àna mi!"

"Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dìde!" ni Deshui fi ìrora dáhùn.

Sheng kò gbà kí agbálẹ̀ fi ìwà ju òun lọ. Ó tẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta títí iwájú orí rẹ̀ fi kan orúnkún. Kọ́!

"Àna mi," ó ní jẹ́jẹ́, "n ò lè dìde mọ́ o."

"Èmi náà, láti àárọ̀."

"Ṣé kì í ṣe èmi lẹ̀ ń tẹríba fún ni?"

"Rárá o."

Yulan, tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, fọwọ́ bojú. Ẹ̀rù bà á gan-an.

"Ìtẹríba mi àkọ́kọ́ wá látọkàn," ni Sheng sọ. "Àwọn tó kù, ìdíje ni." Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu àwọn méjèèjì, bí wọ́n sì ṣe ń rẹ́rìn-ín ni wọ́n ń ké "yéè!" "Àna mi, ẹ jẹ́ ká mú ọjọ́ ìgbéyàwó, àmọ́ kó jẹ́ ọjọ́ tá a ti lè nàró."

Caixia fi igi tín-ín-rín kọ̀ọ̀kan sí wọn lọ́wọ́. Deshui wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì ki tirẹ̀ bọ abẹ́ àpáta.

"Caixia," ó ní, "bá mi wá èyí tó nípọn jù báyìí lọ."