Aṣọ Ọmọ Lórí Okùn

Ìyá Ìjọ wá bá mi ní ìsọ̀ mi ní ọjà Asafo ní Kumasi, níbi tí mo ti ń ta abọ́ àti bókẹ́ẹ̀tì, ó ní èmi ni màá tan àbẹ́là ìrètí lọ́jọ́ Ìsinmi tí Àdíféńtì, ìmúra fún Kérésìmesì, máa bẹ̀rẹ̀. Ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́, bí ẹni pé ó fẹ́ kí n bá òun gbé àga. Nínú ìjọ wa ní Fante New Town, aboyún ló máa ń tan àbẹ́là yẹn, nítorí Màríà. Inú bí mi.

"Ta ló sọ fún yín, mà?"

"Ojú mi náà ló sọ fún mi. Bùbá ńlá tó ò ń wọ̀ kiri yẹn, ṣé o rò pé afọ́jú ni wá?"

Mo rẹ́rìn-ín ẹ̀tàn. Bí ẹ bá rí inú mi, ṣe ló ń ṣe mí bíi kí n da omi sí i lára. Ó ṣáà mọ ohun tí ojú mi ti rí. Oyún mi àkọ́kọ́ bàjẹ́. Èkejì pé oṣù, mo bí i, kò ké. Àwọn aṣọ tí mo rà dè é ṣì wà nínú báàgì kan lórí kọ́bọ́ọ̀dù, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án. Nígbà tí èyí wá dúró, ìyá ọkọ mi gbéra láti Ògbómọ̀ṣọ́ wá jókòó tì mí ní Kumasi, ó sì ṣòfin: n ò gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni, n ò sì gbọdọ̀ ra nǹkan kan. Okùn aṣọ méjì ló wà ní àgbàlá ilé wa. Ìró tirẹ̀ ló máa ń sá sórí tiwájú, kí aṣọ oyún mi lè fara pamọ́ sórí tẹ̀yìn.

Nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ àbẹ́là fún un, ó fò dìde.

"Kí o jáde síwájú gbogbo ìjọ? O ò gbọdọ̀ lọ."

"Mọ́mì, mi ò mọ bí màá ṣe kọ̀ fún wọn."

"Ẹnu tó o fi ń bá mi jiyàn náà ni kó o fi kọ̀."

Mo lọ. Kì í ṣe ìgbàgbọ́ ló gbé mi lọ, agídí ni. Ó ti sú mi láti máa gbé oyún kiri bí ẹni tó jí nǹkan gbé. Òun náà tẹ̀ lé mi, ó ń kùn lọ́nà.

Wọ́n ti ta aṣọ àlùkò sórí àga ìwàásù. Atẹ́gùn ọyẹ́ ń gba ojú fèrèsé wọlé. Pásítọ̀ ní àkókò ìmúra rèé, pé ẹni tó ń retí àlejò á gbálẹ̀, á tẹ́ ẹní. Ibẹ̀ ni mo ti rántí pé ọmọ inú mi ò tíì mira láti àárọ̀. Tí wọ́n bá ti tẹ dùrù báyìí ló máa ń ta ẹsẹ̀. Mo fọwọ́ tẹ ikùn mi. Kò sí nǹkan kan. Wọ́n sì pè mí.

Ìṣáná àkọ́kọ́ kán mọ́ mi lọ́wọ́. Atẹ́gùn pa èkejì. Gbogbo ìjọ ń wò mí. Nígbà tí àbẹ́là náà gbaná, wọ́n hó halelúyà, èmi ò lè ṣe àmín. Inú ń bí mi sí Ọlọ́run. Mo ní tó bá jẹ́ pé ó fẹ́ dójú tì mí ni, yàrá mi ló yẹ kó ti ṣe é, kì í ṣe níwájú gbogbo èèyàn yìí.

Ìyá ọkọ mi rí ojú mi. Ó di apá mi mú, a jáde. Ìyá Ìjọ sáré dá takisí dúró fún wa.

Nọ́ọ̀sì àgbàlagbà kan ló gbà wá ní ọsibítù. "Maame, da hɔ," ó ní kí n dùbúlẹ̀. Ó gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ ọkàn ọmọ lé mi níkùn. Ariwo rédíò tí ò mú ìkànnì ni mo ń gbọ́. Ó sún un. Ó tún un sún. Kò sọ̀rọ̀. Ẹnu rẹ̀ ni mo ń wò, nítorí bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe dákẹ́ nígbà oyún kejì kí wọ́n tó lọ pe dókítà. Ìyá ọkọ mi di ẹsẹ̀ mi mú, "Jésù, Jésù" nìkan ló ń sọ.

Àfi kì-kì-kì-kì, kíákíá, bí ẹni tó ń sáré.

"Ɔda!" ni nọ́ọ̀sì wí, ó bú sẹ́rìn-ín. Pé ọmọ náà ń sùn ni. Mo sunkún débi pé ojú ń ti èmi fúnra mi. Wọ́n fún mi lómi tútù, wọ́n ní kí n ṣì dùbúlẹ̀, títí ọmọ náà fi jí tó sì ta ẹsẹ̀.

"Aṣọ ọmọ ńkọ́?" ni nọ́ọ̀sì bi mí ní Twi nígbà tí a fẹ́ máa lọ. "Ṣé ẹ ti fọ̀ ọ́ sílẹ̀?"

Mo ní a ò tíì múra nǹkan kan.

"Ei! Ẹ ń retí èèyàn, ẹ ò sì ní ohun tẹ́ ẹ máa fi dì í?"

Ìyá ọkọ mi ní kí n túmọ̀ ohun tó sọ. Mo túmọ̀ rẹ̀. A wọ takisí lọ sílé.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn náà ni mo gbé báàgì náà sọ̀ kalẹ̀ láti orí kọ́bọ́ọ̀dù. Òórùn káńfọ̀ ti gba inú rẹ̀ kan. Mo fọ àwọn aṣọ náà díẹ̀díẹ̀. Ìró ìyá ọkọ mi ti gba okùn iwájú, nítorí náà mo lọ sá wọn sórí tẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

Ó jáde síta, ó sì rí fìlà kékeré tó wà lọ́wọ́ mi. Ó mọ ẹni tí mo rà á fún. Mo gbára dì, mo ti ní ohun tí màá sọ lẹ́nu. Kò bá mi jà. Ó lọ síbi okùn iwájú, ó ń ká àwọn ìró rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kó wọn lé èjìká, títí okùn náà fi ṣófo.

"Kó wọn bọ̀ níbí," ló wí. "Oòrùn ò dé ibẹ̀ yẹn."