Ọ̀kẹ́ Méjìdínlógún Dín Kan

Mo rántí ìgbà tí bàbá mi fi alùpùpù rẹ̀ gbé mi sọ̀kalẹ̀ láti òkè Ọ̀kà, tí a gba Àkùngbá kọjá lọ sí Ìkàrẹ́, níbi tí ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan ti fẹ́ wo bí mo ṣe ń kọ́ni kí wọ́n tó gbà mí síṣẹ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kẹ́kọ̀ọ́ ìṣirò jáde ni. Bàbá mi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé mo ti ríṣẹ́. Ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ti tó láti dá mi níjì.

Mo kọ 359,999 sójú pátákó. Mo ní nọ́ńbà yìí kò ṣeé pín dọ́gba, àfi kí a fi ẹyọ kan tàbí òun fúnra rẹ̀ pín in. Mo ti fi eéjì, ẹẹ́ta, eéje àti ọ̀pọ̀ mìíràn dán an wò nílé. Nígbà tó sú mi, mo gbà pé ó parí. Àwọn àgbà ní ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ṣùgbọ́n mo rò pé ọ̀rọ̀ àwọn arúgbó nìyẹn.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni, ọjọ́ tí wọn kì í sọ Gẹ̀ẹ́sì nílé ẹ̀kọ́ náà. Ọ̀gá wọn tó jókòó lẹ́yìn kíláàsì rẹ́rìn-ín. “Tíṣà, Jímọ̀ la wà o. Ẹ pè é ní Yorùbá.”

“Ọ̀kẹ́ méjìdínlógún dín kan,” mo dáhùn kíá, torí bàbá mi ti fi òǹkà dá mi lágara ní kékeré.

Bí mo ṣe pè é tán ni etí mi gbóná. Ẹgbẹ̀ta, ìyẹn 600, lọ́nà ẹgbẹ̀ta ni ọ̀kẹ́ méjìdínlógún, ìyẹn 360,000. Bí a bá yọ ẹyọ kan níbẹ̀, ẹgbẹ̀ta dín kan lọ́nà ẹgbẹ̀ta lé kan ló kù. Nọ́ńbà mi pín! Kò sẹ́ni tó mọ̀. Mo lè dákẹ́. Mo bá wo ojú fèrèsé. Bàbá mi dúró níta, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ joyè. Ẹ̀rín yẹn ló dùn mí jù, torí kò tọ́ sí mi.

“Ẹ má bínú,” mo ní, “mo ṣì í. Ẹgbẹ̀ta lé kan pín in.”

“Yéè! Tíṣà já irọ́ ara wọn!” ọmọ kan pariwo, kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ní àwọn yóò pè mí. Wọn kò pè.

Lọ́nà ilé, bàbá mi ní, “Ṣé o mọ̀ pé mo gbà ọ́ gbọ́ pé kò ṣeé pín? Èmi tí mo kọ́ ọ ní òǹkà.” Ó rò pé òun ń tù mí nínú.

Ọ̀kà níbí ni mo ti ń kọ́ni báyìí. N kì í sọ pé nọ́ńbà kan kò ṣeé pín láìkọ́kọ́ pè é lórúkọ. Síbẹ̀, bí mo bá ń kọjá níwájú ilé ẹ̀kọ́ Ìkàrẹ́ yẹn, ilẹ̀ ni mo máa ń wò. Bàbá mi kò sì ràn mí lọ́wọ́. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, á ní, “Ẹgbẹ̀ta lé kan, káàbọ̀.”

“Ẹ kúulé, bàámi.” Mo máa ń rẹ́rìn-ín, etí mi a sì tún gbóná.