Ohùn Káyọ̀dé nínú kọ̀ǹpútà àtijọ́

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, màmá mi bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ lónìí, ọkàn mi ò tíì balẹ̀.

Àbúrò mi Káyọ̀dé, tó ń kàwé ní Kánádà, fi sídì Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, ránṣẹ́ sí mi, pẹ̀lú flọ́pì kan tó gba ohùn ara rẹ̀ sí. Kọ̀ǹpútà tó fi sílẹ̀ fún mi ní Ọ̀wọ̀ ti gbó, ètò tó wà lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti wúwo jù fún un. Mo pa ìyẹn rẹ́, mo fi Linux síbẹ̀, mo yan èyí tó fúyẹ́ jù. Gbogbo rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ wẹ́rẹ́, àfi sípíkà tó kọ̀ tí kò dún. Ohun tí mo sì ń torí ẹ̀ ṣe wàhálà nìyẹn.

Láàárọ̀ yìí, ó dún! Mo sáré lọ mú Màmá wá láti ìlú Ìpele, mo sì fi flọ́pì Káyọ̀dé sí i.

"Màmá, ẹ ǹlẹ́ o. Ara mi le. Òtútù ibí pọ̀, àmọ́ ó ti ń mọ́ mi lára."

Màmá dìde fùú. "Káyọ̀dé! Ṣé o ní aṣọ òtútù? Ìgbà wo lo ń bọ̀?"

Ohùn náà ní "Ó dàbọ̀," ó sì tán.

Wọ́n yíjú sí mi. "Kí ló dé tí kò dá mi lóhùn?"

"Màmá, ó ti pẹ́ tó ti sọ ọ́."

Wọ́n rọra jókòó. "Tún un pè fún mi."

Mo tún un pè. Wọn ò béèrè nǹkan kan mọ́. Wọ́n kàn gbé etí lé sípíkà.

Ẹ̀yin tí èèyàn yín wà lókè òkun, kí lẹ máa ń sọ fún ìyá yín?