Kọ́nà tí Wọ́n Fi Rúlà Gé

"Ta ló gbé ọ síbí?"

Òkúta ni ẹ̀gbọ́n ará Ìlọrin tá a jọ ń ṣe olùkọ́ ní yunifásítì ní Jẹ́dà máa ń bi bẹ́ẹ̀. Á bẹ̀rẹ̀ nínú yanrìn, á mú òkúta kan, á gbọn eruku ara rẹ̀ nù, á wá dúró bí ẹni tó ń retí èsì. Òkúta àti àfọ́kù ìkòkò ló fi tọpa ọ̀nà tí àwọn arìnrìn-àjò àtijọ́ ń gbà lọ sí Mẹ́kà. Ọ̀nà náà yà sọ́tùn-ún níbi kànga kan.

Ọ̀gá wa, tí kò kọ́ ju ọ̀nà àwọn ará Róòmù lọ, fi rúlà fà á tààrà lórí máàpù. "Àlàájì, ọ̀nà àtijọ́ kì í wọ́."

"Ràkúnmí tí òùngbẹ ń gbẹ ò mọ rúlà, sà."

Ọ̀gá ò dé ibi kànga náà wò. Ó yọ orúkọ ẹ̀gbọ́n kúrò lára máàpù, kò sì jẹ́ kí wọ́n sọ ìkámà rẹ̀, ìyẹn ìwé ìgbélùú, dọ̀tun. Ìwé ẹ̀sùn tí mo kọ, wọn ò fèsì. Ẹ̀gbọ́n ti padà sílé ní Ìlọrin. Mi ò rẹ́ni bá sọ Yorùbá mọ́.

Ó pè mí ní Jímọ̀. "Àbúrò, wọ́n ti dá kọ́nà mi padà?"

"Rárá, sà."

"Kànga ńkọ́?"

"Ó wà níbẹ̀. Mo lọ jókòó tì í lánàá."

"Ìwọ àti ta ni?"

Mo mú òkúta tí mo ṣà níbẹ̀, mo gbọn eruku ara rẹ̀ nù.