Iná Krummsiek, Ará Krummsiek Ni Yóò Pa Á

Ọjọ́ tí abà koríko Gerold Wittkopp gbiná ní Krummsiek, abúlé wa, ẹgbẹ́ panápaná Ostersiek, abúlé tó múlé tì wá, ló kọ́kọ́ dé. Ìṣẹ́jú méje péré! Bàbá Gerold dúró sẹ́nu géètì, ó na fọ́ọ̀kù oko sí wọn.

"Ẹ dúró síbẹ̀!"

"Bàbá, abà yín ń jó o!" Imke Lüdders, ọ̀gá wọn, ló ń pariwo látinú ọkọ̀.

"Mo fọ́jú ni? Iná Krummsiek ni. Ará Krummsiek ni yóò pa á."

Gerold fúnra rẹ̀ kúkú ni ọ̀gá panápaná Krummsiek. Àwa ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ti sáré dé ilé tí ọkọ̀ omi wa wà, a bá a ní títì. Kọ́kọ́rọ́ ńkọ́? Ó wà nínú abà tó ń jó. Ká tó já ilẹ̀kùn, eérú ló kù. Bàbá bá kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ pé: "Ẹgbẹ́ Krummsiek ṣẹ́gun iná. Kò sẹ́ni tó ràn wá lọ́wọ́." Oríkunkun ò gbóògùn!

Látìgbà tí ìjọba ti da abúlé méjèèje agbègbè wa pọ̀ ni inú ti ń bí i. Bẹ́ẹ̀ Ostersiek yìí náà ló ti fẹ́yàwó o!

Nígbà tó yá, akọ̀wé ìjọba ní ẹgbẹ́ panápaná tí kò bá pé èèyàn mẹ́sàn-án, àwọn máa tì í pa. Mẹ́jọ ni wá. Oorun ò kun Gerold. Ilé ìwé wa ti lọ, ṣọ́ọ̀bù wa ti lọ. Tí ẹgbẹ́ yìí náà bá lọ, kí ló kù tó ń jẹ́ Krummsiek? Ó mú Hertha ìyàwó rẹ̀, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, lọ bá akọ̀wé, tòun ti bàtà rọ́bà lẹ́sẹ̀.

"Bàbá, ṣé Màmá lè gun àkàbà?"

"Àkàbà wo? Tiwa ti ṣẹ́ látọdún mẹ́ta. Kò sẹ́ni tó ń gùn ún."

Akọ̀wé kọ orúkọ Hertha gẹ́gẹ́ bí ẹni kẹsàn-án. Ta ló fẹ́ bá wèrè jà?

Àrùn ọkàn ló gbé Gerold lọ ní oṣù Fẹ́búárì. Lẹ́yìn ìsìnkú, a jókòó ti kọfí àti kéèkì, a ń fi oríkunkun òkú ṣe yẹ̀yẹ́, ni akọ̀wé bá sún mọ́ Hertha, ó rọra sọ pé ẹgbẹ́ ti wá ku èèyàn mẹ́jọ báyìí, kò sí bí àwọn ò ṣe ní í tì í pa.

Imke, tóun náà wá bá wa sin òkú, dìde. "Ẹ kọ orúkọ tèmi sí i."

"Ìwọ ọ̀gá Ostersiek?" Akọ̀wé ló béèrè.

"Wọ́n á rí ọ̀gá míì. Ogún ọdún ni bàbá yìí fi ń bú mi, tí mo sì ń bú u padà. Tẹ́ ẹ bá ti ẹgbẹ́ yìí pa, kí ló kù fún mi lára rẹ̀?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. A fẹ́ràn bàbá náà, òótọ́ ibẹ̀ nìyẹn.

Hertha fà á mọ́ra, ó gé kéèkì fún un. "Ó dáa, ọmọ mi. Aago méje ìrọ̀lẹ́ Mọ́ńdè la máa ń ṣe ìdánrawò. Tètè dé o. Gerold kì í fẹ́ kéèyàn pẹ́."