Ìpín Mi Lórí Ọ̀nà Òkè

Ìpín mi lórí ọ̀nà náà jẹ́ ogún ọ̀pá. Ọparun ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n, wọ́n sì ri èèkàn kan mọ́lẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ àti òmíràn níparí, kí kálukú lè mọ ibi tí iṣẹ́ tirẹ̀ mọ. Èmi kọ́ ni mo gbẹ́ ẹ. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ló gbẹ́ ẹ fún mi.

Abúlé àwọn àna mi wà lẹ́yìn òkè, téèyàn bá kọjá Òkè-Ìlá. Igbó ọba ló wà láàárín abúlé náà àti ọ̀nà ọkọ̀. Ojú ọ̀nà ọdẹ ni wọ́n ń gbà kọjá, pẹ̀lú obì àti iṣu lórí, tí àgbàrá ń gbá wọn lẹ́sẹ̀ nígbà òjò. Láàárín àwọn ọdún 1990, lọ́dún kan tí epo bẹntiróòlù wọ́n tí ọlọ́kadà kò fẹ́ dé ọ̀dọ̀ wọn mọ́, wọ́n pinnu láti la ọ̀nà gidi. Ẹ̀ṣọ́ igbó gbà fún wọn, ṣùgbọ́n ó ní wọn kò gbọdọ̀ gé igi ńlá kankan. Wọ́n pín iṣẹ́ náà kárí gbogbo ilé, títí kan àwọn ọkùnrin tó fẹ́ ọmọ níbẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ ọmọ wọn mọ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ wà lọ́rùn òun. A máa ń bá wọn kọ ebè, a máa ń bá wọn mọ ilé, bó ti wù ká dàgbà tó. Ìyàwó mi ti kú lọ́dún tó ṣáájú, ṣùgbọ́n ìyẹn kò mú iṣẹ́ náà kúrò. Àwọn ọmọ mi ṣì jẹ́ ọmọ ilé wọn. Nígbà tí wọ́n ránṣẹ́ pè mí, mo ránṣẹ́ padà pé ẹ̀yìn ń dùn mí.

Ẹ̀yìn kò dùn mí. Akọ̀wé ni mí ní káńsù. Mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún kí n tó mọ̀wé kọ, láti ìgbà náà ni n kò sì ti fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá ọkọ́ lọ́wọ́ mi mọ́. Yàtọ̀ sí ìyẹn, n kò fẹ́ kí odidi abúlé máa kí mi kú àráfẹ́rakù láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́.

Wọ́n gbà mí gbọ́. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, ẹni tó ti lé lọ́gọ́ta, tí èjìká kan ń yọ lẹ́nu, parí ogún ọ̀pá tirẹ̀, ó sì mú tèmi náà. Àna ń ṣiṣẹ́ fún ọkọ ọmọ. N kò tíì gbọ́ irú rẹ̀ rí.

Ní Sátidé kan lẹ́yìn tí wọ́n parí, mo gun kẹ̀kẹ́ mi láti Ìlá, pé mo fẹ́ lọ dúpẹ́. Kẹ̀kẹ́ àtijọ́ ni. Táyà ẹ̀yìn ti ya níbì kan, mo fi okùn rán an, ó sì máa ń ró tọ́, tọ́, tọ́ bó bá ń yí.

Ọ̀nà náà dára. Bàbá kan tó bá àwọn tó ń ṣe ọ̀nà ọkọ̀ ṣiṣẹ́ nígbà èwe rẹ̀ ni olórí iṣẹ́. Kò jẹ́ kí ọ̀nà gun òkè tààrà. Ó ń fà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè díẹ̀díẹ̀, ó ń yí ìrókò po, ó ń yí àràbà po. Níbi tó bá ti ṣẹ́ kọ́nà, wọ́n gbé etí ìta sókè díẹ̀ kí ẹlẹ́rù má bàa yọ̀ sínú àfonífojì. Ní ọ̀pá márùn-ún márùn-ún, wọ́n to òkúta ní ìdábùú, kí omi òjò lè yà sí ẹ̀gbẹ́ kan, kó má gba ojú ọ̀nà. Mo gùn ún dé òkè, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo sọ̀ kalẹ̀.

Lókè níbẹ̀, mo rántí pé ẹ̀yìn ń dùn mí. Báwo ni n ó ṣe gun kẹ̀kẹ́ wọ abúlé? Mo yí kẹ̀kẹ́ padà, mo sì jẹ́ kó máa lọ.

Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ni mí nígbà náà. Atẹ́gùn wọ inú ẹ̀wù mi, ẹ̀wù náà wú bí àpò. Ní kọ́nà kọ̀ọ̀kan, kẹ̀kẹ́ dẹ̀gbẹ́, etí ọ̀nà gbà á mọ́ra, ó sì tún nà án dúró. Inú igbó dákẹ́. Àtíòro kan fò kọjá lókè orí mi, ìyẹ́ rẹ̀ ń ró bíi pé ẹnì kan ń gbọn aṣọ. Nígbà tí mo dé ìsàlẹ̀, mo rí i pé ẹ̀rín ni mò ń rín. N kò rẹ́rìn-ín láti ìgbà ìsìnkú.

Mo padà síbẹ̀ lọ́sẹ̀ kejì, àti èyí tó tẹ̀ lé e. Bí wọ́n bá bi mí níbi iṣẹ́, mo ní mò ń lọ kí àwọn àna mi. N kò dé ọ̀dọ̀ wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ogún ọ̀pá mi ló da gẹ̀rẹ́ jù, kọ́nà kan sì wà láàárín rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù lọ. Mo máa ń jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ sáré dé ibẹ̀ kí n tó di bíréèkì mú lójijì, kí táyà ẹ̀yìn lè wọ́ nílẹ̀, kó gbá mi yípo. Nígbàkígbà tí mo bá ṣe é, ó ń họ ilẹ̀. Òkúta kan yẹ̀ kúrò nípò. Mo rí i. Mo ní n ó tún un ṣe bí mo bá tún dé.

Kí n tó tún dé, òjò rọ̀ fún ọjọ́ méjì. Omi gba ojú ibi tí táyà mi ti họ, ó sì wọ́ ìdajì ọ̀nà lọ sínú àfonífojì. Obìnrin kan tó ru obì ṣubú níbẹ̀, orókún rẹ̀ bó. Wọ́n pe ìpàdé. Mo fi kẹ̀kẹ́ mi sílẹ̀ ní Òkè-Ìlá, mo fẹsẹ̀ rìn lọ.

"Ta ló ṣe ogún ọ̀pá yẹn?" olórí iṣẹ́ bèèrè, bẹ́ẹ̀ gbogbo wa mọ̀.

"Èmi ni," ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi dáhùn.

"Ẹ̀yin náà lẹ ṣe tiyín, tiyín ò bà jẹ́. Àbí nítorí pé ti àna ni, ẹ fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un?"

"Ẹ má dá wọn lẹ́bi, Bàbá," ọkùnrin kan sọ láti ẹ̀yìn. "Èjìká kan ni wọ́n fi ṣe é. Èkejì ń bá ẹ̀yìn àna wọn kẹ́dùn!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Olórí iṣẹ́ gbọ́wọ́ sókè. "Ẹ fi àna sílẹ̀, ara wọn ò yá. Àna wa, ẹ̀yìn ńkọ́?"

"Ó ti ń san díẹ̀," mo ní.

Mo gbọ́ ohùn ara mi bó ṣe sọ ọ́.

"Bóyá òkúta mi ò wọlẹ̀ tó," ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ní. "N ó tún un ṣe."

"Ẹ tún un ṣe. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ti odò, ẹlòmíràn la ó gbé e fún."

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ni wọ́n ti yàn tẹ́lẹ̀ láti to òkúta tí wọn yóò máa tẹ̀ kọjá odò. Ó ti ń ṣa òkúta náà jọ láti oṣù méjì, ó tò wọ́n sẹ́yìnkùlé rẹ̀ ní ìwọ̀n-ìwọ̀n, pẹrẹsẹ níhìn-ín, gbọọrọ lọ́hùn-ún. Ó ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo bá a rìn dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, mo kí i pé ó dàárọ̀, mo lọ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ kejì, n kò lọ síbi iṣẹ́. Mo mú ọkọ́, mo lọ sí ogún ọ̀pá mi, kí n lè tún un ṣe kó tó dé. Ó ti wà níbẹ̀.

Ó wo ọkọ́ ọwọ́ mi, ó sì tọ́ka sí ilẹ̀. Lẹ́bàá ibi tó ya, ipa táyà ti gbẹ sínú amọ̀, ojú ibi tí mo ti fi okùn rán an sì hàn gbangba bí ojú abẹ́rẹ́ lára aṣọ.

"Ẹ ti mọ̀, ẹ̀gbọ́n?"

"Ó pẹ́. Ewé gbòdògì ni mo wá já nínú igbó lọ́jọ́ kan, mo gbọ́ ẹ̀rín. Mo ní wèrè wo lèyí. Mo yọjú, ẹ̀yin ni."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ ní ìpàdé?"

"Kí n ní kí ni? Pé ọkọ àbúrò mi purọ́? Kí ìtìjú má jẹ́ kí àwọn ọmọ yín wá síbí ṣọdún mọ́?" Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọkọ́ rẹ̀. "Ẹ bá mi gbé òkúta yẹn. Ẹ fi ẹ̀yìn gbé e, ó ṣáà ti ń san."

A ṣiṣẹ́ títí oòrùn fi kọjá àtàrí. Kò ní kí n jẹ́wọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ká ní ó bú mi ni, bóyá n kì bá tí jẹ́wọ́.

Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, mo gun kẹ̀kẹ́ mi wọ abúlé lójú gbogbo wọn. Mo gbé e ti ògiri, mo dọ̀bálẹ̀, mo sì sọ ọ́: ẹ̀yìn tí kò dùn mí, àwọn Sátidé, bíréèkì. Ojú mi wà nílẹ̀ ní gbogbo ìgbà náà. Obìnrin tó ṣubú ló kọ́kọ́ fèsì, ó ní, "Àṣé orókún tèmi lẹ ń gùn kiri láti ọjọ́ yìí, àna wa?" Ẹ̀rín bẹ́. Èmi nìkan ni n kò rín.

Olórí iṣẹ́ yíjú sí ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi. "Ẹ má bínú sí wa. Ẹ gbé òkúta yín lọ sódò."

Èmi ni mo kó wọn. Mo so wọ́n mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ní méjìméjì, mo ń tì í lọ, mo ń tì í bọ̀, láti ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ dé odò, òun sì ń tò wọ́n. Lọ́jọ́ tó parí, ó ní kí n má fi ọ̀nà òkè sílẹ̀. "Ẹ máa gùn ún. Ẹ ṣáà má fa bíréèkì níbẹ̀."

Mo ṣì ń gùn ún. Ṣùgbọ́n bí mo bá dé èèkàn àkọ́kọ́, mo máa ń sọ̀ kalẹ̀, n ó fọwọ́ ti kẹ̀kẹ́ títí n ó fi kọjá èkejì. Àwọn tó bá pàdé mi níbẹ̀ máa ń bi mí pé, "Àna wa, ẹ̀yìn ńkọ́?" N ó ní ó ń san.