Ihò Inú Sípíkà Ilé Ìwòsàn

Wọ́n ní ẹni tó kọ́ṣẹ́ fúnra rẹ̀ ò mọ nǹkan kan. Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Ìyá Onísípíkà fún yín.

Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti ń kan sípíkà ní yàrá ẹ̀yìn ilé ìyá ọkọ rẹ̀. Ara ẹ̀rọ tó bàjẹ́ ló ti kọ́ ọ. Nígbà tó yá, ó ra kọ̀ǹpútà àlòkù. Ó ń gbé máìkì sórí àga, á wọn ohùn ẹnu ńlá sípíkà lọ́tọ̀, á wọn ti ẹnu kékeré lọ́tọ̀, kọ̀ǹpútà á da méjèèjì pọ̀, á yàwòrán bí ohùn á ṣe jáde. Ìgbà yẹn ló tó ń jó wáyà kírọ́sófà pọ̀, ìyẹn nǹkan tó ń pín ohùn ìsàlẹ̀ fún ẹnu ńlá, tó ń pín ohùn òkè fún ẹnu kékeré.

Ilé ìwòsàn wá gbé iṣẹ́ fún un: sípíkà tí wọ́n á máa fi pe nọ́ńbà aláìsàn. Bí ẹnjiníà wọn bá fọwọ́ sí i, iṣẹ́ gbogbo wọ́ọ̀dù di tirẹ̀. Bí kò bá fọwọ́ sí i, ó tán. Ọkùnrin náà sì ti wí níṣojú èèyàn pé òun ò fẹ́ iṣẹ́ ẹ̀bá títì.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò, Ìyá Onísípíkà gbé sípíkà kọ́, ó ní kí nọ́ọ̀sì kan sọ̀rọ̀. Ihò wà láàárín ohùn náà, bí ẹni tí eyín iwájú rẹ̀ ti yọ. Bẹ́ẹ̀ ìlà inú kọ̀ǹpútà gún bíi pákó!

Ó wá rántí: bó ṣe wọn ẹnu ńlá tán, ọkọ rẹ̀ wá yá àga abẹ́ máìkì, ó gùn ún pààrọ̀ gílóòbù, ó dá a padà. Máìkì wá fi bí àtẹ́lẹwọ́ kan sún mọ́ sípíkà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ni òun ti wọn ẹnu kékeré. Irọ́ ni kọ̀ǹpútà fi ṣírò.

Ẹnjiníà wọlé. "Màmá, ìwé tí ẹ yàwòrán ohùn sí dà?" Ó wò ó. "Ó mà gún o! Ta ló bá yín yà á?"

"Èmi ni, sà."

"Ẹ̀yin kẹ̀?" Ó sọ "hàló, hàló" sí máìkì, ó mi orí pé ó dáa, ó fa bírò yọ. Pẹ̀lú gbogbo ìwé ẹ̀rí tó ní, kò gbọ́ ihò!

Kí obìnrin náà ṣáà dákẹ́, iṣẹ́ di tirẹ̀. Ṣùgbọ́n baba aláìsàn tí etí rẹ̀ ò dá ṣáṣá mọ́ ńkọ́? Nọ́ńbà rẹ̀ á kọjá lórí rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má tíì fọwọ́ sí i. Mo ṣe àṣìṣe."

"Mo wí bẹ́ẹ̀! Ẹ̀bá títì!" Ó wo aago. "Wákàtí kan. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ kó àpótí yín."

Ó tún wọn méjèèjì, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mí nítòsí máìkì. Kọ̀ǹpútà fi hàn án pé wáyà méjì tó wọ ẹnu kékeré ló yẹ kó pààrọ̀ ààyè ara wọn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni irin ìjówáyà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bàtà ẹnjiníà ń dún bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Nọ́ńbà mẹ́tàlélógún," nọ́ọ̀sì pè.

Baba kan tí etí rẹ̀ ò dá ṣáṣá mọ́ dìde ní bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn pátápátá. "Èmi rèé o! Ẹ má pariwo mọ́ mi!"

Ẹnjiníà fọwọ́ sí i. Kò dúpẹ́, kò tọrọ àforíjì. Ìyá Onísípíkà gbé àpótí rẹ̀, ó bi nọ́ọ̀sì pé ọ̀nà wọ́ọ̀dù tó kàn dà.